Dádì wa fẹ́ ra mọ́tò gbọ̀ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ayé ọjọ́un, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àjọkẹ_Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará wa. Dádì wa ti fẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé ní Houston níbí, àfi bí wọ́n ṣe jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ra mọ́tò Amẹ́ríkà ńlá ti ayé ọjọ́un, èyí tí iwájú ẹ̀ á ti wọlé tí ìdí ẹ̀ á ṣì wà lójú títì. Nígbà tí wọ́n ń ṣe stúdẹ́ǹtì ní yunifásítì Texas Southern níbí, láàárín 1970 sí 1980, wọ́n ní Buick Electra 225 kan, wọ́n tà á kí wọ́n tó padà sílé, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì tíì tán lẹ́nu wọn títí dòní. Ní báyìí Cadillac 1959 ni wọ́n ń wò lórí fóònù ní gbogbo òru, èyí tó ní ìyẹ́ ṣóńṣó méjì ní ìdí. Owó tó wà nílẹ̀ ò ju 20,000 dọ́là lọ, àwa ọmọ la fẹ́ dá a. Èwo ni ká rà? Kí la máa yẹ̀ wò? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé ká lọ ra Camry o, a ti sọ ọ́, wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Túnjí_Arlington
Àjọkẹ, ẹ bá wa kí Dádì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo 1959 lórí fóònù lọ, ọ̀fẹ́ nìyẹn. Eldorado Biarritz ọdún yẹn, èyí tí wọ́n ń ká òrùlé ẹ̀ sẹ́yìn, 1,320 péré ni wọ́n ṣe, èyí tó bá ṣì mọ́ nínú ẹ̀ ti ju 100,000 dọ́là lọ dáadáa. Kódà ká fi Biarritz sílẹ̀, tó bá ti jẹ́ 1959 tí ìyẹ́ ẹ̀ gùn yẹn, èyí tí 20,000 máa rà fún yín máa jẹ́ èyí tí ilẹ̀ ti jẹ ìdí ẹ̀, ẹ ó wá máa dáwó lé e lórí títí.

Onílẹ̀kùn mẹ́rin ni kí ẹ lọ bá, láti 1965 sí 1976. Àwọn òyìbó tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ, onílẹ̀kùn méjì àti èyí tó ń ṣí lórí ni wọ́n ń lé kiri, wọn ò ka onílẹ̀kùn mẹ́rin sí, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló sábà máa ń ní ìtọ́jú jù, torí àwọn àgbàlagbà ló ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sedan de Ville, Electra 225, Oldsmobile Ninety-Eight, owó yín á ra èyí tó mọ́ nínú wọn, á tún ṣẹ́kù fún táyà. Kìnnìkan ni pé àwọn tó ń rọ pátì tuntun fún ọkọ̀ àtijọ́, onílẹ̀kùn méjì ni wọ́n ń rọ ọ́ fún jù, torí náà gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, rọ́bà etí ilẹ̀kùn, àwọn kíròómù tó wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ rí i pé gbogbo ẹ̀ pé pérépéré kí ẹ tó sanwó.

Àti pé ara ọkọ̀ ni kí ẹ rà, ẹ má ra ẹ́ńjìnnì. V8 (ẹ́ńjìnnì onísíláńdà mẹ́jọ) tó ti kú, mẹ́káníìkì á jí i. Ìpẹtà àti kíròómù ló ń jẹ owó.

Bọ̀dá_Pánẹ́ẹ̀lì
Túnjí ti sọ ọ́. Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà ni mo kọ́ ní Mushin kí n tó dé ibí, òun náà ni mo sì ń jẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe máa mú oníjìbìtì. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan, ẹ fi aṣọ wé e kó má baà ha kíkùn ọkọ̀, ẹ máa gbé e lé ara ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tí kò bá ti gbá a mú, bọ́dìfílà tí wọ́n fi ń dí ihò ló wà lábẹ́ ẹ̀, irin ti lọ. Ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ẹ wá ṣí búútù kí ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ sókè, kí ẹ wo ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá fi awọ fínáì bo òrùlé, ẹ fi ìka tẹ ìdí gíláàsì ẹ̀yìn, tó bá ń dún wúyẹ́wúyẹ́, omi ti wà lábẹ́ awọ yẹn fún ọdún pípẹ́. Àwọn Cadillac láti 1957 dé 1964, fírémù wọn ṣe bí lẹ́tà X ni, kò sí irin ẹ̀gbẹ́, ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ wọ abẹ́ ẹ̀ lọ wò ó, ẹ má tijú.

Láti 1974 ńkọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ti mú kí bọ́ńpà wọn tóbi kí ó lè gba kíkọlù díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá fi ike kan dí àárín bọ́ńpà àti ara ọkọ̀. Ike yẹn máa ń rún wómúwómú bí àkàrà ọjọ́ kẹta. Kò burú, ẹ máa rí tuntun rà, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣẹ́ owó.

Ẹ má lọ ra ọkọ̀ tó gbé Michigan, Ohio tàbí New York dàgbà tí ẹ ò bá rí abẹ́ ẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù níbẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn Texas, New Mexico, Arizona, ibẹ̀ ni kí ẹ kọjú sí. Oòrùn ibẹ̀ á ti la dáṣíbọ́ọ̀dù, á ti jó ìjókòó, ẹ gbà bẹ́ẹ̀, aránṣọ ìjókòó wà. Èyí tí wọ́n bá ń tà ní Houston gan-an, ẹ bèèrè ibi tó wà ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí omi Harvey gbé ìlú.

Débọ̀_Detroit
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìpẹtà, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá Dádì sọ̀rọ̀ ẹwà 😂 Ẹ jẹ́ kí n bá wọn ṣeré díẹ̀.

Ìyẹ́ tí wọ́n ń wò lóru yẹn, ọkọ̀ òfuurufú ogun ló ti wá. Harley Earl, ọ̀gá àwọn ayàwòrán ọkọ̀ ní General Motors, ilé iṣẹ́ bàbá ẹ̀ ní Los Angeles ló ti ń ṣe ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn òṣèré sinimá kí GM tó pè é wá síbí láti ya LaSalle 1927. Nígbà ogun àgbáyé kejì òun àtàwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀ lọ wo báàlù ogun kan tí wọ́n ń pè ní P-38, báàlù onírù méjì, orí wọn dàrú pátápátá. Nígbà tó di 1948, Cadillac jáde pẹ̀lú ìyẹ́ kékeré méjì lórí iná ẹ̀yìn. Kékeré gan-an o, ẹni tí kò bá wò ó dáadáa ò ní rí i.

Ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ẹ kúkú mọ àwọn ọlọ́jà, bí ẹnì kan bá fi àtùpà kan sórí ìsọ̀, ìkejì á fi méjì. Virgil Exner ní Chrysler wá da gbogbo nǹkan rú. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀ fún 1957 rẹlẹ̀, wọ́n tinrín, ìyẹ́ wọn gbé sókè láti àárín ilẹ̀kùn lọ. Ọmọ ayàwòrán kan ní GM yọjú wò wọ́n láti ẹ̀yìn ọgbà ní ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1956, ó sáré padà lọ pe àwọn yòókù, bí wọ́n ṣe kó àwòrán tí wọ́n ti yà fún 1959 dànù nìyẹn nígbà tí Earl wà ní Yúróòpù. Ohun tí wọ́n yà rọ́pò ẹ̀ ni èyí tí Dádì ń wò: ìyẹ́ tó ga ju ti gbogbo Cadillac tó wà ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀, iná pupa méjì méjì tó rí ṣóńṣó ní àárín. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń gé e kù lọ́dọọdún, nígbà tó fi máa di 1965 kò sí ìyẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, 1959 ti kọjá ààyè. Kíròómù pọ̀ jù, ó dà bí ẹni wọ gbogbo góòlù inú àpótí lọ sí òde kan ṣoṣo. Èyí tó pa mí ni Lincoln Continental 1961 tí Elwood Engel yà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mọ́ lóló, kò sí ìyẹ́, kò sí ìlà wọ́gọwọ̀gọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣí sẹ́yìn kí ìyáàfin lè jáde tayọ̀tayọ̀. Onílẹ̀kùn mẹ́rin tó ní òrùlé, ẹ lè rí i láàárín owó yín tí ẹ bá fara balẹ̀. Wáyà inú ẹ̀ pọ̀ o, kí ẹ rí rìwáyà tó ní sùúrù.

Bọ̀dá_Pánẹ́ẹ̀lì
Débọ̀ tí ò ń yin Chrysler 1957 yẹn, sọ ìyókù. Wọ́n kánjú ṣe é, ó sì ń dípẹtà kí ọmọ tí wọ́n fi gbé délé tó rìn. Ẹwà ò ní kí n má sọ òótọ́.

Alàgbà_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ló fi èyí hàn mí láti Ìbàdàn. Mo fẹ́ kí Àjọkẹ mọ̀ pé bàbá ẹ̀ ò ya wèrè. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, Pontiac Parisienne ni mọ́tò bọ̀gìnnì, tí ó bá gba Dùgbẹ̀ kọjá gbogbo ènìyàn á yí orí. Ọwọ́ òsì là ń gbà lójú títì nígbà náà, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, kó tó di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí gbogbo Nàìjíríà yí sí ọ̀tún, torí ẹ̀ náà ni Parisienne onísítíárìn ọ̀tún fi ń wá láti Kánádà, ibẹ̀ ni GM ti ń ṣe é fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti jọba. Nígbà tó di 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, bí àwọn gbọ̀ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń pòórá lójú títì wa díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Peugeot ò ní ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà Ifẹ̀ ju Pontiac lọ.

Kẹ́mi_Katy
Ẹ ṣé gan-an Bàbá. Ọ̀rọ̀ àwọn stúdẹ́ǹtì yẹn jẹ mí lógún torí bàbá tèmi náà wà nínú wọn. Ẹ̀yin ò ṣe àkíyèsí nǹkan kan? Oṣù kẹwàá 1973 ni àwọn Lárúbáwá dáwọ́ epo títà fún Amẹ́ríkà dúró, owó epo gbé sókè, ìlà epo gùn, àwọn òyìbó wá ń sá fún V8, Electra àti Cadillac ọlọ́dún mélòó kan di ọ̀pọ̀. Epo tó gbówó lórí yẹn náà ló kó owó wọ Nàìjíríà, owó ọ̀hún ni ìjọba fi ń rán ọmọ wa lọ sí Houston lọ kàwé. Epo tó lé òyìbó kúrò nínú Electra ló gbé bàbá wa wọnú ẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú ibí tí wọ́n ń bá gbé àdúgbò kan náà sì ti fẹ́ràn Electra yẹn tipẹ́, deuce and a quarter ni wọ́n ń pè é, torí pé nígbà tí orúkọ yẹn jáde ní 1959, ọkọ̀ náà gùn ní ínǹṣì 225. Torí náà tí Dádì bá ń wo Cadillac, ẹ má gbà wọ́n gbọ́, Electra ló wà lọ́kàn wọn.

Imọ̀ràn tèmi: ẹ lọ wọn gáréèjì yín. Mi ò ṣeré. Ínǹṣì 225 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 19, ọ̀pọ̀ gáréèjì ilé tuntun ò sì ju 20 lọ, ẹ wá fi ẹ̀rọ ìfọṣọ àti fírísà ẹja sí i. Tí àwọn ọmọ-ọmọ bá máa wọ̀ ọ́, bẹ́líìtì ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ yẹn ti ìdí nìkan ni, àwọn ìjókòó ọmọdé tòde òní kan ò ní jókòó dáadáa lórí ẹ̀. Ẹ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ sí i.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ẹ jọ̀ọ́ tí Dádì bá fẹ́ gbé e relé ńkọ́? Ẹ fojú inú wo Cadillac 1959 níbi Ojúde Ọba 🔥

Túnjí_Arlington
Hahaha. Kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20, inú ẹ̀ lọ́hùn-ún ò ju ẹsẹ̀ bàtà 19 àti ínǹṣì 4 lọ. Á wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà á wọlé ò ní rí ilẹ̀kùn ṣí jáde, fèrèsé ló máa gbà. Ẹ jẹ́ kó jókòó sí Texas.

Nǹkan míì tí n kò sọ: tó bá jẹ́ pé bó ṣe ń rọra léfòó lórí títì ni Dádì ń wá, tí kì í ṣe ọdún, ẹ wo Buick Roadmaster tàbí Cadillac Fleetwood 1994 sí 1996. Ilé iṣẹ́ GM ní Arlington, ní àdúgbò mi níbí, ni wọ́n ti ṣe wọ́n, ní oṣù kejìlá 1996 ni wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró tí wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún jíìpù ńlá. V8 wà nínú ẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń tutù, ẹ lè wà á lọ sí Dallas láìgbàdúrà. Ìpín iná ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ló máa ń ṣe wàhálà torí abẹ́ pọ́ǹpù omi ni wọ́n fi sí, tí pọ́ǹpù bá ti ń jò, omi á já lé e lórí. Kí ẹ má sì fọwọ́ kan Cadillac 1981 tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń pa síláńdà kù láti 8 sí 6 sí 4 fúnra ẹ̀, tàbí ẹ́ńjìnnì dísù (diesel) GM ti 1978 sí 1985. Àwọn yẹn ló jẹ́ kí òyìbó padà sí Toyota.

Ṣọlá_Miami
Ẹ jẹ́ kí n fi ti Havana ní Kúbà kún un, torí mo máa ń lọ kí àwọn babaláwo Lùkùmí, àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn Yorùbá níbẹ̀. Ìlú yẹn ni ẹ ti máa rí Chevrolet 1955, Buick 1957, gbogbo ẹ̀ ń kérò lójú títì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sí ọkọ̀ tuntun láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n fòfin de ọjà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, títí di 2011 sì ni òfin ibẹ̀ ò fi jẹ́ kí aráàlú máa ra ọkọ̀ kó sì máa tà á fàlàlà àfi èyí tó ti wà ṣáájú ìjọba Castro. Ẹ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì dísù ọkọ̀ akẹ́rù Rọ́ṣíà nínú Bel Air. Mo gbóríyìn fún ọpọlọ wọn, ẹ̀mí Ògún wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí èyí tí ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ báyẹn ní Amẹ́ríkà, ẹ fi sílẹ̀, iye ẹ̀ ti wálẹ̀, kò sì sí ìdí kankan fún un níbi tí pátì wà.

Àjọkẹ_Houston
Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín. Kẹ́mi mo ka tìẹ fún Dádì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló sọ fún un. Electra náà ni o! Ẹ wò ó, a ti rí ọ̀kan ní Lubbock, 1972, onílẹ̀kùn mẹ́rin, àwọ̀ ẹ̀ bíi ìyeyè, ẹ́ńjìnnì 455. 13,500 ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń tà á ní ó ti wà nínú abà láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀. Kò sí nọ́ńbà tí mo lè fi ṣàyẹ̀wò ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà ẹ̀ kúrú.

Bọ̀dá_Pánẹ́ẹ̀lì
Lubbock dáa, ilẹ̀ gbígbẹ. Nọ́ńbà yẹn, ẹ má fòyà, ọdún 1981 ni gbogbo ọkọ̀ ibí tó bẹ̀rẹ̀ sí ní nọ́ńbà oní-17, ti àtijọ́ kúrú. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí èyí tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ẹ máa rí láti òde gíláàsì iwájú, bá èyí tó wà lórí ìwé ọkọ̀ mu láìyẹ̀ lẹ́tà kan, kí orúkọ ẹni tó ń tà á sì wà níbẹ̀. Bàbá ẹ̀ ti kú, ṣé òun ni àrólé? Ó ní láti fi ìwé hàn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ padà sílé.

"Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀", gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Ẹ kà á sí ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ fi bẹ́ẹ̀ dúnàádúrà. Ẹ má jẹ́ kí ó fi epo àtijọ́ inú táǹkì tan ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fún yín. Epo tòde òní tí wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀tánọ́ọ̀lù máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́, torí náà ẹ fún un ní rọ́bà tuntun tí epo ń gbà láti táǹkì dé kábúrétọ̀. Oore kan tí 1972 ní ni pé GM ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ́ńjìnnì wọn láti 1971 kí wọ́n lè mu epo tí kò ní òjé, kò ní da fáàfù láàmú bíi ti àwọn tó ṣáájú. Ọ́ìlì, ẹ ra èyí tó ní síǹkì dáadáa, kámù àtijọ́ yẹn nílò ẹ̀. Bíréèkì, ẹ tú gbogbo ẹ̀. Táyà ńkọ́, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. Kódà kó ṣì ní gbogbo ojú ẹ̀, tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ má fi wọ márosẹ̀. Ẹ gbé e wálé lórí tírélà.

11,000 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Débọ̀_Detroit
Àwọ̀ ìyeyè! Ẹ fi àwòrán sí i jọ̀ọ́.

Kẹ́mi_Katy
Kí ẹ tó lọ, nọ́ńbà Texas: ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 25, méjì ló wà fún un. Antique, òun ló dínwó, ṣùgbọ́n fún ayẹyẹ àti ìpàdé ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe fún lílọ sí ọjà lójoojúmọ́. Classic, ẹ lè máa wà á bó ṣe wù yín. Bí mo ṣe mọ àwọn bàbá wa, Classic ni kí ẹ gbà. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà, ẹ wá ilé iṣẹ́ tó máa ń bá yín fẹnu kò lórí iye tí ọkọ̀ jẹ́ ṣáájú, kí wọ́n má baà sọ lọ́jọ́ kan pé mọ́tò 1972 ò tó 800 dọ́là. Àwọn yẹn máa bèèrè bóyá Dádì ní ọkọ̀ míì tí wọ́n ń wà lójoojúmọ́.

Àjọkẹ_Houston
Ìyẹn ni pé a tún máa ra Camry náà 😂😂